Iyọ̀ kan náà, ìfúnpá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tí àjogúnbá ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru

"Bàbá wa jẹ iyọ̀ dọ́jọ́ alẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ò sì pa á." Bóyá ni nọ́ọ̀sì kan wà tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní Èkìtì, ì báà jẹ́ ní Adó, ní Ìjerò tàbí ní Ọ̀mùò, tí kò tíì gbọ́ irú gbólóhùn yìí. Ẹnu ìyá àgbà tí wọ́n ní kó dín iyọ̀ kù ló sábà máa ń ti jáde, ó sì máa ń pa àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́rìn-ín. Ká tiẹ̀ yọ ti àsọdùn kúrò níbẹ̀ (ta ló wọn ìfúnpá bàbá náà rí?), òótọ́ kan ṣì kù nínú ọ̀rọ̀ ìyá. Èèyàn méjì lè jọ máa jẹun nínú ìkòkò kan náà fún ogún ọdún, kí iyọ̀ inú rẹ̀ gbé ìfúnpá ọ̀kan sókè, kó má sì ṣe èkejì ní ohunkóhun tí ẹ̀rọ lè rí. Iyọ̀ tètè ń mú àwọn kan, kì í sì í mú àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Apá kan nínú ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí a jogún.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti gbóná lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ní ọdún 2013, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, pé kí iyọ̀ tí aráyé ń jẹ fi ìdá 30 nínú 100 dín kù kó tó di 2025. Nígbà tí àjọ náà gbé ìròyìn jáde ní 2023, a ò tíì sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Tí a bá pín in dọ́gba, gíráàmù 10.8 ni àgbàlagbà kan ń jẹ lóòjọ́ káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní kò gbọdọ̀ tó 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan péré. Wọ́n ti sún gbèdéke náà sí 2030. Bí àwọn elétò ìlera ṣe ń pariwo iyọ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń polówó àyẹ̀wò itọ́ ẹnu tí wọ́n ní ó máa sọ bóyá iyọ̀ lè ṣe ọ́ léṣe, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn kan ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn dúdú gan-an ni àrùn yìí wà, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, òótọ́ ò ju ẹyọ kan lọ, irọ́ ló fi ṣaṣọ bora.

Ẹ jẹ́ ká ti inú kíndìnrín bẹ̀rẹ̀. Lóòjọ́, kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bí lítà 180 omi láti inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń dá èyí tó pọ̀ jù padà. Nínú sódíọ̀mù, tí í ṣe èròjà tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú iyọ̀, nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 ló ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù ló ń bá ìtọ̀ lọ. Sódíọ̀mù kì í sì í dá rìn, omi ló máa ń fà mọ́ra. Bí kíndìnrín bá di iyọ̀ mú ju bó ṣe yẹ lọ, omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, ọkàn á máa ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ gba inú òpójẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìfúnpá á gòkè. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ yá lọ́wọ́ lè jẹ ẹja oníyọ̀ lónìí, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti tọ àṣẹ́kù rẹ̀ dànù, ìfúnpá rẹ̀ ò sì mì. Ní ti ẹlòmíràn, àfi kí ìfúnpá kọ́kọ́ gòkè kí kíndìnrín tó gbà láti tú iyọ̀ náà sílẹ̀. Ìyẹn gan-an lẹni tí iyọ̀ ń mú. Ọjọ́ orí máa ń mú un le sí i, àtọ̀gbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àìsàn kíndìnrín sì ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín ṣe ń ṣe ìpinnu rẹ̀, jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tí a jogún lọ́wọ́ òbí, ló kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Báwo la ṣe mọ̀? Àwọn ìdílé kan wà láyé, wọn ò pọ̀, tí jíìnì kan ṣoṣo tó yíwọ́ ti tó láti fún ọmọdé ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà Grant Liddle ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní 1963. Ní 1994, ikọ̀ Richard Lifton ní Yunifásítì Yale rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́: ihò tóóró tí sódíọ̀mù ń gbà padà wọlé nínú kíndìnrín ni, tí kì í tì nígbà tó yẹ kó tì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí àwọn jíìnì mìíràn tó ń dá ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tó ń gbé ìfúnpá sókè àti èyí tó ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé ibi kan náà ni wọ́n ń já sí ṣáá, ìyẹn bí kíndìnrín ṣe ń ṣètò iyọ̀.

Ti ẹranko tún là wá lójú. Lewis Dahl, tí òun náà wà ní Amẹ́ríkà, sin eku láti ìran dé ìran títí tí ó fi ní oríṣi méjì ní 1962: iyọ̀ ń pa àwọn kan, àwọn kejì ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ àgbàdo. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àwọn ìnàkí tí wọ́n ń sìn ní orílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀n, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1995. Èso àti ewébẹ̀ ni oúnjẹ wọn, kò sí iyọ̀ tó nílárí níbẹ̀. Wọ́n ń fi iyọ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 20, títí ó fi dé gíráàmù 15 lóòjọ́. Ìfúnpá òkè wọn fi 33 gòkè, tí ìsàlẹ̀ sì fi 10 gòkè, bí wọ́n bá kó gbogbo wọn pọ̀. Nígbà tí wọ́n dá iyọ̀ dúró, ó tún padà wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ti àwọn kan nínú wọn ò fẹ́ẹ̀ yí padà rárá. Ilé kan náà, oúnjẹ kan náà, iyọ̀ kan náà.

Nínú èèyàn, Myron Weinberger àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Indiana rí i ní 1986 pé iyọ̀ ń mú nǹkan bí ìdá 26 nínú 100 àwọn tí ìfúnpá wọn dára, ó sì ń mú ìdá 51 nínú 100 àwọn tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà ni ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní GenSalt kó àwọn ará abúlé tó tó 1,900 jọ ní àríwá Ṣáínà. Fún ọjọ́ méje, gíráàmù iyọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún wọn lóòjọ́. Fún ọjọ́ méje mìíràn, gíráàmù 18. Bí ìfúnpá kálukú ṣe lọ tó bọ̀ sún mọ́ ti ọmọ ìyá rẹ̀ ju ti ará ilé kejì lọ. Wàyí o, ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lè mọ ẹni tí iyọ̀ ń mú: ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń bá èèyàn gbé oúnjẹ síwájú, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan tí wọ́n fà lápá ò lè sọ ọ́.

Ìdí ni pé kò sí jíìnì kan tí a lè nawọ́ sí pé òun ni "jíìnì iyọ̀". Ìwádìí kan tó jáde ní 2024, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ṣe, rí ibi tó ju 2,000 lọ nínú àbùdá èèyàn tó ní ọwọ́ nínú ìfúnpá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn yí nọ́ńbà orí ẹ̀rọ ìfúnpá padà ju ẹyọ kan lọ.

Síbẹ̀, méjì wà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá gbọ́ nípa wọn, nítorí pé àwa gan-an wà nínú ìtàn náà. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní CYP3A5, ó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti di iyọ̀ mú. Irú rẹ̀ kan wà tó ti kú, tí kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ní 2004, wọ́n yẹ jíìnì yìí wò lára àwọn tó lé ní 1,000 láti ẹ̀yà 52 káàkiri ayé. Láàárín àwọn Basque, tí ilẹ̀ wọn wà láàárín Spéènì àti Faransé, nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 ló jẹ́ èyí tó ti kú. Láàárín Yorùbá, bí ìdá 6 péré ni. Bí ìlú bá ṣe jìnnà sí ibi tí oòrùn ti mú jù láyé, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó kú ń pọ̀ sí i. Èkejì ni AGT, tó ní í ṣe pẹ̀lú bí òpójẹ̀ ṣe ń fún àti bí ara ṣe ń tọ́jú iyọ̀. Òun náà tẹ̀ lé ìlà kan náà lórí àwòrán ilẹ̀ ayé.

Ohun tí àwọn olùwádìí náà rò kò ṣòro fún ẹni tó ti ebè kíkọ dé rí láti gbà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, tí òógùn ń gbé iyọ̀ ara rẹ̀ lọ, tí iyọ̀ sì jẹ́ ohun tó ti òkèèrè wá, kíndìnrín tó háwọ́ sí iyọ̀ ló máa gbà á là. Láàárín àwọn òkè Èkìtì, ọ̀nà sí etíkun jìn. Iyọ̀ tó bá dé ọjà níbẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn alájàpá ló rù ú wá. Kò yà mí lẹ́nu pé ó di ohun tí a fi ń wúre fún ọmọ tuntun. Ohun tó yí padà ni pé iyọ̀ ti di ọ̀pọ̀, iṣẹ́ oko sì ti di iṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọ̀pọ̀ wa, kíndìnrín ò sì mọ̀.

Ibí yìí làwọn tó ń sọ pé "ẹ̀jẹ̀ dúdú" ló fà á ti máa ń sáré kọjá òtítọ́. Wọ́n tiẹ̀ ti sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà rí, ní nǹkan bí 1991, pé inú ọkọ̀ ẹrú ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pé àwọn tí ara wọn ń di iyọ̀ mú nìkan ló yè é. Onítàn Philip Curtin yẹ àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ẹrú wò, ó sì kọ̀ ọ́ ní 1992. Kò tilẹ̀ di dandan ká bá wọn dé inú ọkọ̀: àwa tí ẹnikẹ́ni ò kó lọ náà ní jíìnì wọ̀nyí. Ìwádìí tí Richard Cooper, Charles Rotimi tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1997 ló parí ẹjọ́ náà lójú tèmi. Wọ́n fi ọ̀nà kan náà wọn ìfúnpá àwọn tó jọ ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ìdá 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, ìdá 26. Ní Amẹ́ríkà, ìdá 33. Ìran kan náà ni wọ́n. Ohun tó yàtọ̀ ni oúnjẹ, ìsanra, ìrìn ẹsẹ̀ àti ìgbé ayé. Ìdá 16 ti ìgbà yẹn kì í sì í ṣe ohun tí a lè fi yangàn mọ́, nítorí pé ìgbé ayé tiwa náà ti ń lọ síbi tí tiwọn ti lọ.

Ó kan ìkòkò ọbẹ̀ wàyí. Iyán tí wọ́n fi mọ Èkìtì kò ní iyọ̀ nínú. Iṣu tí a kò fi iyọ̀ sè ni, omi, odó àti agbára apá. Iṣu gan-an tún ní pòtásíọ̀mù, tó máa ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti tú sódíọ̀mù jáde. Ẹni tó bá ní iyán ló fa ẹ̀jẹ̀ ríru ń purọ́ mọ́ iyán. Ẹ wo obìnrin tó ń se ọbẹ̀ tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́: epo ti gbóná, ata ti wọlé, ó já bébà hóró mágí mẹ́rin, márùn-ún, ó fi àtàǹpàkò run wọ́n sórí ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́, ó gbọ̀n ọ́n sínú rẹ̀. Pańla wọlé. Irú wọlé, èyí tí alájàpá ti fi iyọ̀ pò kó má bàa bàjẹ́. Ìgbà náà ló tó wá bu iyọ̀ gan-an, tó tọ́ ọ wò, tó tún bu. Bí wọ́n bá bi í pé iyọ̀ mélòó lo fi sí i, á ní "díẹ̀ báyìí ni", òótọ́ ló sì ń sọ, torí pé iyọ̀ tó fi ọwọ́ bù nìkan ló ń kà. Mágí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù mẹ́rin, iyọ̀ máa ń ju ìdajì rẹ̀ lọ. Márùn-ún nínú ìkòkò èèyàn márùn-ún ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí gíráàmù méjì kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan ike iyọ̀.

Kán-ún tún wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Mo ti rí àwọn tí dókítà ní kí wọ́n yẹra fún iyọ̀, tí wọ́n gbọ́ràn débi tí ọbẹ̀ wọn ò fi ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi kán-ún se ewédú, tí wọ́n ń fi se ilá, tí wọ́n ń fi mú ẹ̀wà tètè rọ̀, tí wọ́n tún ń fi omi rẹ̀ wo inú rírun. Kò dùn bí iyọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ló kún inú rẹ̀, kíndìnrín ò sì béèrè irú àpò tó bá wá.

Ohun tí a ń sọ yìí kan oògùn pẹ̀lú. Ara tó ti di iyọ̀ mú máa ń dín renin kù, èròjà kan tí kíndìnrín fi ń gbé ìfúnpá sókè nígbà tí iyọ̀ bá ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni renin wọn kéré, ìdí sì nìyí tí àwọn oògùn kan tó ń dojú kọ ọ̀nà renin kì í fi í ṣiṣẹ́ dáadáa lára wọn bí wọ́n bá dá a lò. Ní 2019, ìwádìí CREOLE tí Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá ṣáájú fi àdàlù oògùn méjì-méjì wéra lára èèyàn 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Nàìjíríà wà nínú wọn. Èyí tí amlodipine, oògùn tó ń mú òpójẹ̀ dẹ̀, wà nínú rẹ̀, yálà pẹ̀lú oògùn tí ń mú ni tọ̀ tàbí pẹ̀lú perindopril, ọ̀kan nínú àwọn tó ń dojú kọ ọ̀nà renin, ló borí èyí tí kò ní in. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ oògùn tí ń mú ni tọ̀ fún màmá yín ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó tàbí ní Ìdó, iyọ̀ ni wọ́n ń lé jáde. Òun náà ni oògùn tí àwọn kan máa ń fò, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó, kí wọ́n má bàa máa bẹ dírẹ́bà kó dúró létí igbó. Kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Ó lè bá wọn yí àkókò tí wọ́n ń lò ó padà.

Jíìnì kan tún wà tí wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ ti iyọ̀: APOL1. Irú rẹ̀ méjì, tí wọ́n rí ní 2010, wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá, torí pé ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oríṣi kòkòrò kan tó ń fa àrùn oorun. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni àìsàn kíndìnrín lè tètè bá. Kì í ṣe jíìnì iyọ̀, àmọ́ bí kíndìnrín bá ti ń bàjẹ́, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kì í mú tẹ́lẹ̀. Ilé tí àìsàn kíndìnrín bá ti ṣe ju ẹnì kan lọ, ó yẹ kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ wọn wò pẹ̀lú ìfúnpá.

Iyọ̀ mìíràn ti jáde tí wọ́n fi pòtásíọ̀mù rọ́pò apá kan sódíọ̀mù inú rẹ̀. Ní abúlé 600 ní Ṣáínà, láàárín èèyàn 20,995 tí ọ̀pọ̀ wọn ti ní rọpárọsẹ̀ rí, àwọn tó ń lo èyí tí ìdá 25 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ti pòtásíọ̀mù fi ìdá 14 nínú 100 bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ ju àwọn tó ń jẹ iyọ̀ lásán lọ. 2021 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò yẹ jíìnì wọn wò kí wọ́n tó fún wọn. Ní oṣù kìíní 2025, WHO fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ aláboyún, ọmọdé àti ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu sílẹ̀, torí pé pòtásíọ̀mù tí kíndìnrín kò lè tú jáde lè dá ọkàn dúró. Ẹni tí kò mọ bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe wà, kó má rà á torí pé ọ̀rẹ́ ń lò ó.

Ẹni tó bá ń fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ń mú òun lè ṣe ti ará Ṣáínà wọ̀nyẹn ní kékeré, kí nọ́ọ̀sì mọ̀ sí i, láìfi oògùn rẹ̀ sílẹ̀: kó wọn ìfúnpá lákòókò kan náà láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lórí oúnjẹ tó mọ́ ọn lára, kó wá dín iyọ̀, mágí àti kán-ún kù gidigidi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sì máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ìpolówó àyẹ̀wò itọ́ bá wọ̀ lójú ju ìyẹn lọ, kó kọ́kọ́ bi olùtajà pé ẹ̀jẹ̀ àwọn wo ni wọ́n fi ṣe ìṣirò wọn. Ìwádìí mílíọ̀nù èèyàn ti 2024 tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn, àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ni gbogbo wọn, ìṣirò tí wọ́n sì fi ara irú wọn ṣe kì í bá ará Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìlawẹ̀ mu dáadáa. Owó àyẹ̀wò náà á ra ẹ̀rọ ìfúnpá tí gbogbo ilé lè jọ máa lò.